Ìwé Tí A Kì Í Ṣí

Ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kejì nínú oṣù kọkànlá, ní agogo mẹ́fà kọjá ogún ìṣẹ́jú àárọ̀. Àkókò náà dá mi lójú, nítorí ibùdókọ̀ ni mo wà, tí mo ń wo fóònù láti mọ̀ bóyá bọ́ọ̀sì tó ń gbé mi lọ síbi iṣẹ́ ti pẹ́. Bí mo ṣe ń wò ó ni ohùn àbúrò mi, Rẹ́nikẹ́, wọlé láti Òrè. Rẹ́nikẹ́ kì í fi ohùn ránṣẹ́ láàárọ̀; ọmọ tó máa ń sùn títí oòrùn yóò fi kàn án lójú ni. Kí n tó tẹ̀ ẹ́ rárá ni ara ti ń fu mí.

"Bọ̀dá mi, ẹ káàárọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bínú, ẹ gbọ́ ọ tán ná. Àwọn onìwé tí mo ya àwòrán fún ní kí n wá sí Gánà fún oṣù méjì. Wọ́n fẹ́ kó àwa tí a yàwòrán ìwé àkọ́kọ́ jọ, kí a lè ṣe èkejì. Mọ́tò máa wá gbé mi ní Òrè. Ìyé ní bí ẹ bá ní kí n lọ, kí n lọ. Bí ẹ bá ní kí n má lọ, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn. Ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni wọ́n fẹ́ gbọ́ èsì."

Ìyé ni àwa Ìkálẹ̀ ń pe ìyá. Mo tún ohùn náà gbọ́ kí bọ́ọ̀sì tó dé. Inú Rẹ́nikẹ́ ń dùn, ó ń gbìyànjú láti pa á mọ́, kò sì rí i pa mọ́ tán. Ṣùgbọ́n gbólóhùn kan ni kò kúrò létí mi: mọ́tò máa wá gbé mi ní Òrè. Ẹni tí kò dàgbà ní Òrè lè má mọ ìdí rẹ̀. Etí títì márosẹ̀ tó lọ láti Èkó sí Bìní ni ilé wa wà. Láti kékeré la ti ń rí ọkọ̀ tó ń dúró kí èrò jẹun, tó ń gbéra, tó ń gbé ènìyàn lọ síbi tí wọ́n sọ pé iṣẹ́ wà. Àwọn kan padà wá kọ́lé. Àwọn kan wà tí ìyá wọn ṣì ń béèrè wọn lọ́wọ́ awakọ̀ títí di òní. Ọmọbìnrin kan tó máa ń jókòó níwájú mi ní kíláàsì wà lára wọn.

Mo tẹ èsì kan ṣoṣo ránṣẹ́: "Má tíì dá wọn lóhùn."

N kì í ṣe ẹni tó ń tètè gba nǹkan gbọ́. Kẹ́mísírì ni mo kà ní yunifásítì, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti kọ́ wa pé ohun tí o kò bá tíì wọ̀n, o kò tíì mọ̀ ọ́n. Ìlú òyìnbó wá fi kún un. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé, ẹnikẹ́ni tó bá pàdé mi á béèrè bóyá àlàáfíà ni mo wà, kí n tó la ẹnu, ó ti kọjá lọ. Mo rò pé ẹlẹ́yà ni wọ́n ń fi mí ṣe. Nílé, ẹni tó bá béèrè àlàáfíà rẹ ń dúró gbọ́ ti ìyá, ti àbúrò, ti oko, kó tó fi ọ́ sílẹ̀. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé ìkíni lásán ni, wọn kò retí èsì. Oòrùn wọn náà kò ṣeé gbára lé. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí ilẹ̀ ṣú ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, mo sáré palẹ̀ aṣọ mọ́, mo rò pé òjò ńlá ló ń bọ̀.

Obìnrin tó ni yàrá tí mo háyà gbé bísíkíìtì sínú àwo kan, ó gbé e sẹ́nu ọ̀nà mi. N kò fọwọ́ kàn án. Mo pe Ìyé lórí fóònù.

"Ìyé, obìnrin onílé tí kò tíì mọ̀ mí dáadáa gbé oúnjẹ sẹ́nu ọ̀nà mi."

"Kí ló fẹ́ gbà lọ́wọ́ rẹ?" ni Ìyé kọ́kọ́ sọ.

Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá ń wá ibi tí mo ti jogún ìfura, kó má wá a jìnnà.

Ilé ìkẹ́rùsí kan ní ẹ̀yìn ìlú ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìwé la ń dì níbẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìwé àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ìwé àwọn tó ń kó ìwé pamọ́ ni, bí àwọn ìyá àgbà wa ṣe ń kó aṣọ òfì sínú àpótí. Àwọn onìwé tí à ń ṣiṣẹ́ fún á mú ìtàn kan tó ti jáde tẹ́lẹ̀, tí àwọn ènìyàn fẹ́ràn, wọ́n á tún un tẹ̀ sórí bébà tó nípọn, wọ́n á gbé àwòrán aláràbarà sí i. Wọ́n á kun etí bébà rẹ̀, wọ́n á fi wúrà tẹ òǹtẹ̀ sẹ́yìn rẹ̀, wọ́n á ṣe àpótí páálí tí yóò máa gbé inú rẹ̀, wọ́n á sì kọ nọ́ńbà sí ọ̀kọ̀ọ̀kan kí ẹni tó rà á lè mọ̀ pé irú rẹ̀ kò pọ̀ láyé. Lẹ́yìn gbogbo èyí, wọ́n á fi ọ̀rá dì í pinpin. Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni pé ọ̀pọ̀ ẹni tó rà á kì í já ọ̀rá náà. Bí wọ́n bá já a, iyì rẹ̀ dínkù. Àwọn kan ń ra méjì, ọ̀kan fún kíkà, ọ̀kan fún àìkà.

Nígbà tí mo ròyìn rẹ̀ fún Ìyé, ó ní, "Ìwé tí wọn kì í ṣí? Báwo ni wọ́n ṣe mọ̀ pé ọ̀rọ̀ wà nínú rẹ̀?"



Ìwé tí Rẹ́nikẹ́ ń sọ yìí wà lára wọn, ìtàn àròsọ sáyẹ́ǹsì ti òde òní ni. Àwọn ènìyàn kan fi ayé yìí sílẹ̀, wọ́n lọ ń gbé ní ayé mìíràn níbi tí òkùnkùn kì í tán bọ̀rọ̀, tí ọ̀dà dúdú sì ń ru jáde láti inú ilẹ̀. Bí wọ́n bá kí ará ilé wọn, ọdún ni ìkíni náà ń gbà kó tó dé ilé. Ẹ̀yìn ìwé ìpolówó kan tó ti ya níbi iṣẹ́ wa ni mo ti ka èyí. Wọ́n fẹ́ dà á nù, mo mú un lọ sílé, mo ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí Rẹ́nikẹ́ nítorí ó fẹ́ràn àwòrán. Òun ló ń ya orí dídì sára ilé àwọn onídìrí ní Òrè, òun ló ń ya ewúrẹ́ àti ata sára pátákó àwọn olóúnjẹ ojú títì. Lójú fóònù, ìka ló fi ń yàwòrán.

Ọ̀dà tó gbọ́ nínú ìtàn náà ló mú un. Ó ya Agbábù. Gbogbo wa la mọ Agbábù, abúlé tí ọ̀dà ti ń yọ láti inú ilẹ̀ rẹ̀ kí wọ́n tó bí bàbá wa, tí ìjọba kan ò sì tíì wá tí kò sọ pé ọ̀dà náà máa sọ wá di olówó. Rẹ́nikẹ́ sọ Agbábù di ayé mìíràn, ó gbé àwòrán náà sí ojúde àwọn onìwé lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Láìpẹ́ ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Máàkù kọ̀wé sí i pé òun ló ń bójú tó àwòrán níbẹ̀, kó ya ọ̀kan fún àwọn: ilé ìdáná kan ní ayé yẹn. Ó yà á. Wọ́n san owó iṣẹ́ rẹ̀. Ìyẹn kò yí ọkàn mi padà. Ta ló ń dẹ ẹyẹ tí kì í kọ́kọ́ fọ́n àgbàdo?

Ní àkókò ìsinmi ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn, mo pè é.

"Rẹ́nikẹ́, ṣé o ti rí ojú ọkùnrin yìí rí?"

"Mo ti rí i nínú fídíò, Bọ̀dá mi. Òyìnbó ni, ó ní irùngbọ̀n."

"Àwọn tó ní irùngbọ̀n pọ̀ láyé."

"Ẹ̀yin náà ti dá tiyín sí báyìí." Ó rẹ́rìn-ín. "Bọ̀dá mi, bí áńgẹ́lì bá wọlé tọ̀ yín wá, ṣé ẹ mọ̀ pé ẹ máa ní kó mú káàdì ìdánimọ̀ jáde?"

"Màá ní kó mú méjì jáde. Àwòrán tí o yà fún wọn dà?"

"Mo fọwọ́ sí i pé mi ò ní fi ẹ̀dà ọwọ́ mi han ẹnikẹ́ni."

"Títí kan èmi?"

"Títí kan ẹ̀yin. Ṣùgbọ́n ìwé ti jáde o, ọwọ́ yín náà ló sì ń gbà kọjá. Ẹ ṣí i wò! Púpurú lórí àjà ni mo yà. Mo fi àmì Ìyé sára ọ̀kan níwájú. Bí ẹ bá rí i, ẹ máa mọ̀ ọ́n."

Mo ní láti sọ ohun tí àmì yìí jẹ́. Bí a bá fẹ́ ṣe púpurú, oúnjẹ àwa Ìkálẹ̀, a ó rẹ ẹ̀gẹ́, ìyẹn gbágùúdá, sínú omi títí yóò fi rọ̀, a ó yọ okùn inú rẹ̀, a ó fún omi ara rẹ̀ dànù, a ó sì mọ ọ́n róbótó, kó tóbi tó orí ọmọ tuntun. Lẹ́yìn náà la ó tò ó sórí àjà igi tó wà lókè iná, títí èéfín yóò fi mú ara rẹ̀ dúdú. Igi ìdáná kì í ṣe ohun tí à ń fi ṣòfò, nítorí náà àwọn obìnrin bíi mélòó kan máa ń lo àjà kan náà. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá sì ti dúdú tán, ta ló mọ ti ta? Ohun tí àwọn ìyá wa ń ṣe ni pé kálukú á tẹ àmì tirẹ̀ sára rẹ̀ nígbà tó bá ṣì tutù. Ìka mẹ́ta lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn ni ti Ìyé. Ní kékeré, èmi ni wọ́n máa ń rán: "Lọ kó àwọn oníka-mẹ́ta wá." N kò ṣì í mú rí.

Nítorí náà inú mi balẹ̀ díẹ̀. Ẹ̀rí tó ṣeé yẹ̀ wò nìyí. Kò sẹ́ni tó rí àwòrán yẹn kí ìwé tó jáde yàtọ̀ sí Rẹ́nikẹ́ àti Máàkù. Bí ìka mẹ́ta bá wà nínú ìwé, iṣẹ́ rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ àwọn onìwé lóòótọ́. Bí kò bá sí níbẹ̀, ẹnì kan ń tàn án jẹ, mọ́tò tó ń bọ̀ ní Òrè kò sì gbọdọ̀ bá a níbẹ̀.

Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ìwé náà ń kọjá lọ́wọ́ mi láti àárọ̀ dalẹ́, n kò sì lè ṣí i. Ẹ̀rọ ayàwòrán wà lókè orí wa. Bí mo bá já ọ̀rá ọ̀kan, wọ́n á lé mi, bí wọ́n bá sì lé mi, ìwé àṣẹ tí mo fi ń gbé ìlú yìí á di bébà lásán. Mo ń gbé e, mo ń dì í, mo ń lẹ àdírẹ́sì mọ́ ọn. Mo ń ronú pé àjà orí iná ilé wa lè wà láàárín ọwọ́ mi méjèèjì, kó sì máa lọ sílé ọkùnrin kan tí kò ní wò ó láé. Ọjọ́ wọ̀nyẹn gùn. N kò rí ẹni tí mo lè sọ ọ́ fún. Àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ń sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù, èmi ń bi ara mi pé kí ni wọ́n á rò bí mo bá ní àbúrò mi wà nínú ìwé yẹn.

Ẹni kan ṣoṣo tó ní ẹ̀tọ́ láti ṣí ìwé ni bàbá tó ń gba àwọn èyí tí wọ́n dá padà. Kólìn ni wọ́n ń pè é. Ọjọ́ tí mo dé ibẹ̀ ló ti ní kí n máa pe òun ní orúkọ bẹ́ẹ̀, bàbá tí irun orí rẹ̀ ti funfun tán. Ẹnu mi kọ̀ ọ́. Bí mo bá ń fẹ́ kó dá mi lóhùn, mo máa ń lọ dúró nítòsí rẹ̀ kí n wú ikọ́. Ó rò pé àyà ń dùn mí, ó ra oyin fún mi. Ṣùgbọ́n òun náà ni òyìnbó àkọ́kọ́ tó pe orúkọ mi láìgé e. Ó ní nọ́ọ̀sì ọmọ Yorùbá kan tó ń tọ́jú ìyàwó òun ló kọ́ òun. Mo lọ sí ilé ìyàgbẹ́ lọ́jọ́ náà, mo dúró níbẹ̀ díẹ̀ kí ojú mi lè gbẹ.

Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ kejì, ọjọ́ kan péré kí èsì tó di dandan, ẹnì kan dá ìwé náà padà. Igun rẹ̀ kan ló tẹ̀ díẹ̀. Mo lọ síwájú tábìlì, mo wú ikọ́.

"Ọkùnrin tó dá a padà kọ ọ́ pé ọkàn òun bàjẹ́," ni Kólìn wí.

"Nítorí igun yẹn?"

"Nítorí igun yẹn." Ó mú ọ̀bẹ kékeré, ó já ọ̀rá. Ó ti ṣe é kí n tó rí ọ̀rọ̀ sọ. "Mo ti ń wò ọ́. Gbogbo ìgbà tí ìwé yìí bá kọjá, ojú rẹ á tẹ̀ lé e bí ẹni pé ó jẹ ọ́ ní gbèsè. Kí ló wà níbẹ̀?"

"Àbúrò mi ní òun ya àwòrán kan sínú rẹ̀."

Ó wò mí bí mo ṣe ń wo Máàkù nínú ọkàn mi. "Àbúrò rẹ. Ní Nàìjíríà."

"Ní Òrè."

"Ó dára," ó ní. "Ṣé kí a wá a ni, àbí kí n kàn gbà ọ́ gbọ́?"

"Ẹ má gbà mí gbọ́. Ẹ jẹ́ kí a wá a."

Ojú ewé àkọ́kọ́ kò ràn wá lọ́wọ́. Orúkọ ayàwòrán àgbà kan ló wà níbẹ̀, wọ́n wá kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé àwọn mìíràn láti ilẹ̀ òkèèrè bá a lọ́wọ́ sí i, wọn kò dárúkọ wọn. Kólìn fi ibọ̀wọ́ funfun ń ṣí i díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó kan àwòrán náà, n kò nílò kí ẹnikẹ́ni fi hàn mí. Ilé ìdáná ni, lábẹ́ ojú ọ̀run tó dúdú bí ìdí ìkòkò. Iná ń jó láti inú ọ̀dà ilẹ̀. Obìnrin mẹ́ta jókòó sórí àpótí kéékèèké, wọ́n wọ aṣọ tí n kò rí irú rẹ̀ rí, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe fi ẹsẹ̀ kan gbọọrọ síwájú, bí ọ̀kan ṣe ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu èéfín kúrò lójú, Ìkálẹ̀ ni. Lókè orí wọn, lórí àjà, púpurú wà ní ìlà bí òṣùpá tó jóná. Mo tẹ̀ sún mọ́ èyí tó wà níwájú pátápátá.

Àtàǹpàkò kan ló wà láàárín rẹ̀, èékánná sì fa ìlà kan sábẹ́ àtàǹpàkò náà. Kò sí ìka mẹ́ta. Mo wo èyí tó tẹ̀ lé e, mo wo gbogbo wọn.

"Ṣé òun nìyí?" ni Kólìn béèrè.

"Rárá. Kì í ṣe òun."

Ó pa ìwé dé. N kò ní purọ́: bí ọkàn mi ti bàjẹ́ tó, ibì kan wà nínú rẹ̀ tó dùn. Bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó ń fura ṣe rí. Ó fẹ́ kí ohun búburú tóun ti rí tẹ́lẹ̀ jẹ́ òótọ́.

Mo pe ilé ní fídíò bí mo ṣe jáde níbi iṣẹ́. Ìyé wà níta, ó ń bó ẹ̀gẹ́, ó gbé fóònù ti agbada. Ariwo ọ̀kadà ń kọjá lẹ́yìn rẹ̀. Rẹ́nikẹ́ yọjú láti ẹ̀gbẹ́ kan.

"Ẹ rí i?"

"Mo rí i. O ò ní lọ ibì kankan. Púpurú wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe tìrẹ. Àmì Ìyé kò sí lára rẹ̀. Wọ́n fi iṣẹ́ ẹlòmíràn tàn ọ́ jẹ."

"Bọ̀dá mi, èmi ni mo yà á! Ọwọ́ mi yìí!"

"Mo ní mo wò ó, Rẹ́nikẹ́."

Ó dìde, mo gbọ́ nígbà tí ilẹ̀kùn pa dé. Ìyé kò yíjú sí ilẹ̀kùn. Ó ń bó ẹ̀gẹ́ lọ.

"Kí lo rí níbẹ̀ gan-an?" ó ní.

"Mo ti sọ ọ́, Ìyé. Ẹlòmíràn ló—"

"Ìyẹn ni ohun tí o rò. Mo ní kí lo rí?"

"Àtàǹpàkò kan láàárín. Èékánná sì fa ìlà sábẹ́ rẹ̀."

Ọ̀bẹ dúró lọ́wọ́ rẹ̀. "Àmì mi nìyẹn."

"Àmì yín? Ìka mẹ́ta ni àmì yín!"

"Ìka mẹ́ta! Ọmọ yìí, ìgbà wo lo ti kúrò nílé?"

"Ẹ kò sọ fún mi."

"Ṣé gbogbo púpurú tí mo bá mọ ni kí n máa ròyìn rẹ̀ fún ọ ní Lọ́ńdọ̀nù?" Gbogbo ilẹ̀ òyìnbó ni Lọ́ńdọ̀nù lójú Ìyé. "Àjà ẹ̀yìnkùlé wa wó nígbà òjò. Igi sì ti wọ́n ní Òrè. Omifúnfun ni mo ń lọ báyìí, àwọn obìnrin ibẹ̀ gbà mí mọ́ra. Ìyá Fẹ́mi tó wà níbẹ̀, láti ọjọ́ tó ti wọlé ọkọ ló ti ń tẹ ìka mẹ́ta. Èmi ni mo dé bá a. Ẹni tó bá dé báni kì í báni du àmì. Mo tẹ àtàǹpàkò, mo fi èékánná fà á lábẹ́ kí wọ́n má baà rò pé ìka ló ṣèèṣì kàn án." Ó yíjú sí ilé. "Rẹ́nikẹ́! Jáde wá! Tìrẹ ni. Bọ̀dá rẹ ló ń wá ìyá rẹ̀ àtijọ́ kiri nínú ìwé."

Ohùn Rẹ́nikẹ́ wá láti inú yàrá: "Ẹ ní kí wọ́n kọ́kọ́ mú káàdì ìdánimọ̀ wá!"

Mo rìn lọ sílé lọ́jọ́ náà, n kò wọ bọ́ọ̀sì. Gbogbo ohun tí mo bá rí ní ìlú yìí, ilé ni mo fi ń wọ̀n ọ́n. Ìkíni wọn kúrú sí tilé, oúnjẹ wọn tẹ́ sí tilé. N kò rò ó rí pé ilé náà lè máa yí padà lẹ́yìn mi láìránṣẹ́. Èmi ni mo rò pé mo jẹ́ àlejò nínú wa. Ìyé náà ti di àlejò, ní Omifúnfun tí ọ̀kadà ń gbé ènìyàn dé láìpẹ́. Ó débẹ̀, ó wo àmì tó wà nílẹ̀, ó yan òmíràn, ó sì ń ṣiṣẹ́ rẹ̀ lọ. Èmi ṣì ń wú ikọ́ níwájú Kólìn.

Ṣùgbọ́n n kò jẹ́ kí ìtìjú ronú fún mi. Mo jókòó sórí ibùsùn, mo yẹ̀ ẹ́ wò. Ọwọ́ Rẹ́nikẹ́ ló ya àwòrán náà: ó dájú, nítorí kò sí ẹlòmíràn tó lè mọ àmì tuntun yẹn kó sì gbé e dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Iṣẹ́ náà dé ọ̀dọ̀ àwọn onìwé: ó dájú. Pé àwọn onìwé ló ni mọ́tò tó ń bọ̀ ní Òrè: kò dájú rárá. Ẹnì kan lè jẹ́ orúkọ Máàkù níwájú àwọn onìwé, kó sì jẹ́ nǹkan mìíràn ní Gánà.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, mo lọ bá Kólìn. N kò wú ikọ́. Mo pe orúkọ rẹ̀.

"Mo ṣì í lánàá. Òun ni."

"Kí ló yí padà láti àná?"

"Èmi ni n kò mọ ìyá mi mọ́."

Kò yé e, ṣùgbọ́n nígbà tí mo sọ ọ̀rọ̀ Gánà fún un, ó gbé fóònù orí tábìlì, ó pe ọ́fíìsì àgbà àwọn onìwé. Mo dúró tì í. Ẹnì kan ń jẹ́ Máàkù níbẹ̀ lóòótọ́, níbi àwòrán. Ètò kan wà ní Gánà lóòótọ́. Wọn kò gbà láti sọ orúkọ àwọn tí wọ́n pè, wọ́n ní kì í ṣe ọ̀rọ̀ ilé ìkẹ́rùsí. Kólìn gbé fóònù kalẹ̀. "Ohun tí mo lè rí gbà nìyẹn," ó ní, ó sì dà bí ẹni pé ó dùn ún ju èmi lọ.

Mo wá ní kí Rẹ́nikẹ́ kọ̀wé sí wọn pé òun kò ní wọ mọ́tò tí wọ́n bá rán. Pé ọkọ̀ tó bá wu òun lòun máa wọ̀, àbúrò ìyá òun á sì bá òun lọ. Ẹni tó fẹ́ jí ènìyàn gbé kì í gbà kó mú ẹlẹ́rìí dání. Èsì wọn dé kíákíá: kò sí ìṣòro, kó mú ẹni tó bá fẹ́ wá. Mo fura sí i pé ó yá jù.

"Èwo ni ká mú?" Ìyé béèrè lórí fóònù ní ìrọ̀lẹ́. "Ó ti ń lọ sópin o. Ṣé kó lọ àbí kó má lọ?"

"Ìyé, ohun tí mo mọ̀ ni pé—"

"Mo ti gbọ́ ohun tí o mọ̀. Nígbà tí ìwọ ń lọ, kí ni mo mọ̀ nípa ibi tí ò ń lọ?"

Rẹ́nikẹ́ ń mí lẹ́gbẹ̀ẹ́ fóònù, mo ń gbọ́ ọ.

"Kó lọ," mo ní. N kò sọ ọ̀rọ̀ tó wúwo tó bẹ́ẹ̀ rí, n kò sì ní ẹ̀rí kankan fún un.

Àbúrò Ìyé, Àǹtí Bùnmi, tó jẹ́ olùkọ́ ní Odígbó, ló bá a lọ. N kò sùn dáadáa ní gbogbo ìgbà tí wọ́n wà lójú ọ̀nà. Òní, ní àkókò ìsinmi ọ̀sán, Rẹ́nikẹ́ pè mí ní fídíò.

"Yí fóònù ká," mo ní kí n tó dá ìkíni rẹ̀ padà.

Ó yí i ká. Yàrá ńlá kan ni, fèrèsé rẹ̀ ṣí sílẹ̀. Tábìlì gígùn wà níbẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ kan tẹ orí ba sórí bébà. Ọ̀kan gbójú sókè, ó juwọ́ sí mi. Àǹtí Bùnmi jókòó sí kọ̀rọ̀, ó ń sùn, ẹnu rẹ̀ ṣí.

"Páásípọ́ọ̀tù rẹ dà?"

"Ó wà nínú àpò mi."

"Fi hàn mí."

Ó gbé e sókè, ó fi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú rẹ̀, ó sì ṣe ojú kan náà tó ṣe nínú fọ́tò rẹ̀. Ẹni tó jókòó tì í bú sẹ́rìn-ín.

"Máàkù ń kọ́?"

"Wọ́n ní ọ̀la ló ń bọ̀, Bọ̀dá mi."

"Ta ló ní ọ̀la?"

"Bọ̀dá mi, mo níṣẹ́ lọ́wọ́."

"Rẹ́nikẹ́, dúró ná—"

Inú bọ́ọ̀sì tó ń gbé mi padà sílé ni mo ti ń kọ èyí. N kò mọ̀ bóyá Máàkù máa dé lọ́la, n kò sì mọ irú ẹni tó máa jẹ́ bó bá dé. Wọ́n ní yàrá náà wà ní Gánà. Ohun tí wọ́n sọ fún mi nìyẹn. Èyí tí mo fi ojú ara mi rí ni pé kò sẹ́ni tó gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó na ọwọ́, òun fúnra rẹ̀ ló pa á.